Ẹ jẹ́ kí ìmọ̀ ìdádúró ẹ̀jẹ̀ tó wà ní bárékè dé wọ́ọ̀dù tiwa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú àfaradà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ìjọba kan ní agbègbè Àbújá, Kubwa ni mo ń gbé. Ó ti pẹ́ tí ohun kan ti ń jẹ mí lọ́kàn nínú ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ tí ẹ máa ń gbé jáde nípa ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá. Ẹ ó sọ iye èèyàn tó kú, ẹ ó sọ pé eré àsápajúdé ni awakọ̀ ń sá, ẹ ó sọ ibi tí wọ́n gbé òkú lọ. Ohun tí n kì í rí kà ni pé, nínú àwọn tó kú yẹn, ta ni ìbá yè ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró? Àwọn ọmọ ogun wa mọ̀ ọ́n. Àwa tí a wà nílé ìwòsàn aráàlú náà ní ohun tí àwa mọ̀ tí yóò wúlò fún wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀nà kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí ìmọ̀ méjèèjì fi ń pàdé. Bí ẹnì kan bá kọ́ nǹkan, a jẹ́ pé ó ní ará nínú ológun ni.

Èmi ní ará nínú ológun. Àbúrò ọkọ mi wà ní ẹ̀ka ìṣègùn àwọn sójà, ó sì pẹ́ ní Borno. Akínkanjú ni mò ń pè é láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn. Nígbà kan tó wá kí wa, mò ń sọ fún un bí a ṣe máa ń to gọ́ọ̀sì lé ojú egbò títí yóò fi rin gbingbin. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀jẹ̀ yẹn kò dúró o, ẹ kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni." Ló bá ka ìborùn mi ní ìlọ́po-ìlọ́po, ó dì í mọ́ mi lápá, ó ki ọwọ́ orógùn bọ inú kókó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Ó dùn mí dé egungun. Ó ní kí n fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ mi níbi tí a ti máa ń ka ìlù ọkàn. Kò lù mọ́. Ó ní, "Ibi tó dúró sí yìí gan-an ni. Bí ẹ bá dẹwọ́ kó tó débí, iṣẹ́ òfo ni."

Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ni pé ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni èèyàn ń ronú kan tourniquet, ìyẹn irú ìdè tí a ń lọ́ báyìí, nítorí pé ẹsẹ̀ tí a bá dì pa báyẹn lè kú, kí wọ́n sì gé e. Ìbẹ̀rù yẹn kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Ogun Ìráàkì àti ti Afghanistan ló yí i padà. Àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà ní Baghdad ṣàkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n dì, wọ́n sì gbé e jáde ní 2009. Nínú 100 ẹni tí wọ́n tètè dì, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀ kí ara tó máa tutù, nǹkan bí 90 ló yè. Nínú 100 tí wọ́n dúró dìgbà yẹn kí wọ́n tó dì, nǹkan bí 10 péré ni. Kò sì sí ẹsẹ̀ tàbí apá kankan tó lọ nítorí tourniquet fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ikú 4,596 ọmọ ogun wọn wò, láti 2001 sí 2011, wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù ló kú kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nínú àwọn wọ̀nyí, wọn ìbá rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbà là, ẹ̀jẹ̀ dídà ló sì pa nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá nínú ìdá náà.

Mo ka èyí, mo rántí ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà Abaji. Ìlọrin ló ń lọ. Kò fi orí pa, kò fara pa láyà tàbí níkùn, itan rẹ̀ ọ̀tún nìkan ni irin ya. Àwọn tó ṣàánú rẹ̀ fi wáyà dì í lábẹ́ orúnkún, nísàlẹ̀ egbò, wọ́n sì sáré gbé e sẹ́yìn Hilux. "Sannu, sannu" ni wọ́n ń wí fún un títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti kú ká tó gbé e lé bẹ́ẹ̀dì. Àwọn èèyàn yẹn sa gbogbo agbára wọn, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ká ní wọ́n ti gbọ́ rí pé òkè egbò ni wọ́n ń dì, pé aṣọ tó fẹ̀ ni kì í ṣe wáyà, pé wọn kì í dì í lé oríkèé, pé igi ni wọ́n ń fi lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dúró pátá, pé kí wọ́n kọ aago tí wọ́n dì í sílẹ̀, kí wọ́n má sì tú u lójú ọ̀nà bó ti wù kó ké tó! Ẹ̀kọ́ yìí kò gba ọ̀sán kan.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀dọ̀ ológun nìkan ni ìmọ̀ ti ń wá, ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Abẹ́rẹ́ kan wà tí a ń pè ní tranexamic acid, TXA ni a máa ń kọ sínú fáìlì. Obìnrin dókítà ará Japan kan, Utako Okamoto, àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀, nítorí àwọn abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń pa lẹ́yìn ìbímọ. Ní 2010, àbájáde ìwádìí CRASH-2 jáde: aláìsàn tó lé ní 20,000, ilé ìwòsàn 274, orílẹ̀-èdè 40, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ó fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí ń dín ikú ẹni tó fara pa kù bí wọ́n bá tètè fún un, láàárín wákàtí mẹ́ta. Bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá, ó lè di ìpalára. Ẹ̀yìn èyí, ní 2012, ni àkọsílẹ̀ àwọn dókítà ológun láti Camp Bastion ní Afghanistan tó jáde tó sì tì í lẹ́yìn. Ẹ wo ọ̀nà tó gbà: láti yàrá ìbímọ, ó dé wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn bíi tiwa, ó sì dé pápá ogun. Aláìsàn tó gbà ká fi òun ṣe ìwádìí níhìn-ín wà lára ìdí tí sójà kan fi yè ní ilẹ̀ òkèèrè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iṣẹ́ abẹ ikùn. Tẹ́lẹ̀, dókítà a máa dúró ti ẹni tí ọta ìbọn bà, yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, bó gba wákàtí mẹ́fà. Ara aláìsàn á ti tutù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní dì mọ́, yóò kú sórí tábìlì pẹ̀lú ìfun tí wọ́n rán dáadáa. Ní 1993, àwọn dókítà aráàlú ní Philadelphia, níbi tí ìbọn ti ń ró lójú títì, kọ̀wé pé kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí wọ́n di ìfun tó ya, kí wọ́n fi ikùn sílẹ̀ láìpa á dé, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ara rẹ̀ yóò ti móoru, kí wọ́n sì padà wá parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dọ̀ àwọn ológun ojú omi ni wọ́n ti yá orúkọ tí wọ́n fún un, "damage control", ológun sì wá yá iṣẹ́ náà padà lọ sí Ìráàkì.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ fífà síni lára, ẹ̀jẹ̀ odidi, èyí tí wọn kò pín sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn ọlọ́rọ̀ pa tì, tí ogun Ìráàkì mú kí wọ́n padà sí, àwa níhìn-ín kò fi í sílẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá olùfúnni láàrin òru, láàrin ẹbí tó ń sunkún, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò kó tó wọ ara ẹlòmíràn, ní nǹkan tó lè kọ́ sójà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé. Ilé ìwòsàn ológun 44 wà ní Kàdúná, ó sì ń gba aráàlú. Àwọn ológun ní ilé ìwòsàn ní Àbújá náà. Ilé ìwòsàn fásitì wà ní Maiduguri, Dala wà ní Kano fún eegun, Shika wà ní Zaria, Gwagwalada wà nítòsí wa, National Hospital sì ní ilé ìtọ́jú tó wà fún àwọn tó fara pa. Ní August 2011, bọ́ǹbù dún ní ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Àbújá. Ní 14 April 2014, ó dún ní páàkì Nyanya ní òwúrọ̀, ó lé ní àádọ́rin èèyàn tó kú. Ilé ìwòsàn aráàlú ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ọgbẹ́ ogun ni, tí wọ́n gbé fún nọ́ọ̀sì tí kò dé ojú ogun rí.

Ọgbẹ́ ogun ní òfin tirẹ̀. A kì í rán an lójú ẹsẹ̀. À ń fọ̀ ọ́, à ń gé ẹran tó ti kú kúrò, à ń fi í sílẹ̀ láìrán, a sì ń padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ká tó pa ojú rẹ̀ dé. Dókítà tó ti Borno dé mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí egbò ọ̀kadà, tó kún fún yanrìn, tí wọ́n ti rán ní kẹ́mísìtì àdúgbò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dára lójú, inú rẹ̀ ti ń rà. Mo ti rí i tó di pé wọ́n gé ẹsẹ̀.

Dókítà ológun tó bá ti ojú ogun dé sì ní ìṣòro tirẹ̀. Ní bárékè, ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti aboyún ló pọ̀ jù tí yóò máa rí, ọwọ́ tó yá ní pápá á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn tó lówó jù wá lọ rí ìṣòro yìí: láti 2001 ni ológun òfurufú Amẹ́ríkà ti ń rán àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wọn lọ sí ilé ìwòsàn aráàlú ní Baltimore, kí ọwọ́ wọn má bàa kú. Ní Birmingham, ilé ìwòsàn aráàlú ni wọ́n ń gbé sójà Gẹ̀ẹ́sì tó fara pa lọ. Tiwa ò gbọdọ̀ ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí ọkọ̀ ti ń já lu ara wọn ní ọ̀nà Zuba àti Kwali.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ogun ni, àṣírí ni. Kò sí àṣírí kankan nínú bí a ṣe ń di egbò.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá náà ń kọ́? Ó yẹ kí gbogbo òǹkàwé mọ̀ pé òfin ìlera ti 2014 kò fàyè gba kí ilé ìwòsàn kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì, àti pé òfin 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà sọ pé kí wọ́n tọ́jú wọn, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Síbẹ̀, ará àdúgbò mi kan, káfíńtà, ni wọ́n lé padà lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn aládàáni kan pẹ̀lú ọta ìbọn ní èjìká, wọ́n ní kó lọ gbàwé wá. Ó yè, Ọlọ́run ló ṣe é. Wọn kì í bi sójà léèrè ìwé ọlọ́pàá ní pápá.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí iléeṣẹ́ ètò ìlera àti ti ààbò jọ jókòó. Kí dókítà ológun tó ti Borno tàbí Zamfara dé máa bá wa ṣiṣẹ́ lóru ní ẹ̀ka pàjáwìrì fún ìgbà díẹ̀ lọ́dún. Kí dókítà wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde àti nọ́ọ̀sì wa lọ sí 44 tàbí Maiduguri láti wo bí wọ́n ṣe ń fọ egbò ọta. Kí a jọ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan náà: aago tí ó fara pa, aago tí ó dé, ohun tí a ṣe, ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Láìsí àkọsílẹ̀ ti Baghdad yẹn, ìbẹ̀rù la ṣì ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká dúró de ìjọba fún gbogbo rẹ̀. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ ọ́, Akínkanjú náà sì ti gbà. Bí ẹgbẹ́ awakọ̀ ní páàkì Jabi àti Zuba bá lè fún wa ní àyè ní ọjọ́ Sátidé kan, a ó wá, a ó mú aṣọ àti igi dání, a ó kọ́ awakọ̀, ọmọ ọkọ̀ àti àwọn tó ń ta omi níbẹ̀, ní Yorùbá àti Haúsá, láìgba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá mọ ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ so wá pọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì, nọ́ọ̀sì,
Kubwa, Àbújá