Ẹ Má Tètè Bọ́ Bàtà Onírin Lẹ́sẹ̀ Ọmọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi bá àwọn òbí Kubwa àti Nyanya sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwọ́, tí dókítà fi POP (báńdéèjì tó máa ń le bíi símẹ́ǹtì) tò ó títí tó fi tọ́, ó ṣì ku bàtà méjì tí wọ́n fi irin so pọ̀: wákàtí 23 lójúmọ́ fún nǹkan bí oṣù 3, lẹ́yìn náà nígbà oorun nìkan títí ọmọ á fi tó ọdún 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Màmá àgbà (ẹ má bínú o) á ní irin ń fìyà jẹ ọmọ, wọ́n á bọ́ ọ jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ á sì tún wọ́. Bí bàtà bá ń bó ọmọ lẹ́sẹ̀, ẹ gbé e padà sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tún un wọ̀n. Kí àwọn nọ́ọ̀sì ibi àjẹsára náà máa béèrè bàtà yìí.

Ìyá Ìbejì,
Kubwa, Àbújá