Lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì: ìda, idẹ àti kọ̀ǹpútà

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Òtútù ọ̀hún kò le jù?

Mo rí fídíò tí o fi ránṣẹ́, pẹ̀lú èébú tó tẹ̀lé e pé kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwa tí à ń da idẹ. Ẹnu rẹ kò ní pa ọ́ o!

Ṣé o ti gbọ́ nípa Minne Atairu, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà? Igùn lorúkọ iṣẹ́ rẹ̀ tí mò ń sọ. O mọ̀ pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun wọ Bìní ní 1897, wọ́n kó ère lọ, wọ́n sì gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá. Títí Eweka Kejì fi gorí ìtẹ́ ní 1914, kò sí ọba láàfin tí yóò bẹ ẹgbẹ́ Igùn, àwọn tí ń da idẹ fún ọba, níṣẹ́. Odidi ọdún 17! Atairu wá ń bèèrè pé, ká ní ogun yẹn kò jà, irú ère wo ni wọn ìbá ṣe? Ó fi fọ́tò àwọn ère Bìní kọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ère tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí jáde, ó sì ti fi 3D printer, ẹ̀rọ tí ń tẹ nǹkan tó ṣeé dì mú jáde, tẹ díẹ̀ nínú wọn. Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára ju ẹ̀rọ náà lọ.

Ní ti iṣẹ́ tiwa, ẹ̀rọ lè tẹ orí ère jáde ní ìda tàbí ní ike. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? A ṣì máa fi amọ̀ bò ó, a máa sun ún, kí idẹ yíyọ́ tó wọ àyè tó fi sílẹ̀. Ìda a máa ṣàn jáde. Ike ní láti jóná tán, bí eérú rẹ̀ bá kù nínú amọ̀, ara ère á bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà kò sì lè bá ọ fọwọ́ kan amọ̀ kó mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Ìwọ náà mọ bí idẹ gbígbóná ṣe ń bú gbàù bó bá pàdé omi.

Ohun tí ń kọ mí lóminú ni fáìlì ère tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Tí a bá ti fọ́ amọ̀ tiwa, ó parí, ère kan ṣoṣo ni. Fáìlì kì í tán. Ẹni tó bá ní in lè tẹ igba ère. Ọmọ Igùn tí baba ńlá rẹ̀ da ti àkọ́kọ́, kí ni tirẹ̀ níbẹ̀? Èyí ni kí o bá mi jà lé lórí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń bọ̀, jọ̀ọ́, bá mi ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ṣe scan ère, tí ń ya ère sínú kọ̀ǹpútà. Màá san owó rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́