Ẹ padà wá o, ilẹ̀ tẹ́ ẹ fọ̀ yẹn ò tíì mọ́

Ẹ̀yin mánìjà kọ́ńpìnì,

Ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ inú mi ò dùn rárá. Ilẹ̀ mi tí dísẹ̀lì dà sí, tẹ́ ẹ gbowó láti fọ̀ mọ́, òórùn dísẹ̀lì ṣì ń jáde níbẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Mo fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ wò fúnra mi, òkè rẹ̀ dáa lóòótọ́, ó dúdú ó sì rọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe kọjá ibi tí katakata yín tú dé, bíi 30 cm báyìí, amọ̀ ìsàlẹ̀ ń dán fún epo ni, omi tó sun síbẹ̀ sì ń yọ àwọ̀ bí òṣùmàrè. Orí ilẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti fẹ́ sí yìí náà lẹ sì lọ bu sáńpù láàbù, ṣé kò ní mọ́ ni? Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ epo fẹ́ ọ́síjìn, ó fẹ́ omi díẹ̀ àti ajílẹ̀, ẹ̀yin kàn da pawúdà kòkòrò náà sílẹ̀, ẹ tú u lẹ́ẹ̀kan, ẹ bá tiyín lọ.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti òjé. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù yín gbangba pé wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò níbẹ̀ rí, rípọ́ọ̀tù yín ò dárúkọ òjé rárá. Òjé kì í ṣe epo o, kò sí kòkòrò tó lè jẹ ẹ́ kó pòórá. Mo pe ẹnjiníà yín, ó ní kí n gbin òdòdó sunflower kí gbòǹgbò rẹ̀ lè fa òjé náà jáde. Ẹ jọ̀ọ́ o! Òjé máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ gan-an, díẹ̀ ni gbòǹgbò ń rí fà, tí wọ́n bá sì da kẹ́míkà bíi EDTA sí i kó lè tú, ó lè ṣàn wọ omi abẹ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ kànga wà nítòsí. Ó tún ní ká fi omi fọ erùpẹ̀ náà, ìyẹn dáa fún ilẹ̀ oníyanrìn, amọ̀ nìyí.

Ohun tí mo fẹ́: ẹ wá gbẹ́ sáńpù lójú mi, látòkè dé 1 mítà, kí láàbù tí mo bá mú yẹ epo àti òjé wò. Ibi tí òjé bá pọ̀ sí, ẹ wú u kúrò tàbí kẹ́ ẹ fi sìmẹ́ńtì dì í pa. Erùpẹ̀ elépo, ẹ kó o jọ, kẹ́ ẹ fi páìpù fẹ́ atẹ́gùn sí i bó ṣe yẹ. Tí ò bá ṣeé ṣe, ẹ dá owó mi padà, ìyókù tẹ́ ẹ ń béèrè yẹn, mi ò san án.

Oníbàárà yín