Ẹ yẹ bátìrì wò kí ẹ tó ra òmíràn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 tí Microsoft ti fòpin sí ìtọ́jú Windows 10 (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), ẹjọ́ kan náà là ń gbọ́ ní Sábọ́ àti Agric ní Ìkòròdú níbí: wọ́n gbé láptọ̀ọ̀pù bọ́ sórí Windows 11, abẹ́ rẹ̀ wá ń gbóná bí ìdí ìkòkò, bátìrì tó ń gbé wákàtí mẹ́ta kò pé wákàtí kan mọ́. Kíá, àwọn ontàjà ti ta bátìrì tuntun fún onítọ̀hún. Ohun tó ń bí wa nínú nìyẹn, torí lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ kan sí méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ò sinmi ni. Ó ń to gbogbo fáìlì yín lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ lè máa wá wọn rí, ó sì tún ń fa àtúnṣe wọlé. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, kí ẹ tẹ orí CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) níbẹ̀ kí alájẹkì, ìyẹn ètò tó ń lò ó jù, bọ́ sókè. Bó bá jẹ́ Windows Search lẹ bá níbẹ̀, ẹ fi ṣájà sí i (bí NEPA bá gbà fún yín), ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì kọ́ o, tìmùtìmù a máa dí ihò atẹ́gùn rẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀ títí ọjọ́ kẹta, ẹ wá dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) ti Windows 11 fún módẹ́ẹ̀lì yín lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Ti bátìrì, ẹ ṣí Command Prompt (ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ), ẹ kọ powercfg /batteryreport, ẹ tẹ Enter. Yóò kọ ìròyìn nípa bátìrì, yóò sì sọ ibi tó fi í sí. Ẹ ṣí i, kí ẹ wo Design Capacity (agbára bátìrì nígbà tó wà ní tuntun) àti Full Charge Capacity (èyí tó lè gbà báyìí). Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 41,000 mWh, tí ìkejì jẹ́ 33,000, agbára rẹ̀ ṣì lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fowó yín sápò. Bó bá jẹ́ 16,000, ó ti gbó kí Windows 11 tó dé.

Ọ̀pọ̀ láptọ̀ọ̀pù tuntun kì í sùn dénú tí ẹ bá dé e. Ẹ tì í bọ báàgì ní gáréèjì Ìkòròdú, kí ẹ tó dé Kẹtu, báàgì ti gbóná. Nínú Control Panel, ẹ wọ Power Options, ẹ sọ ohun tí dídé ideri ń ṣe di Hibernate, ìyẹn kó fi iṣẹ́ yín pamọ́, kó sì kú. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ fi Run as administrator ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ powercfg /hibernate on.

Eruku ọyẹ́ náà ń dí fáànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fẹ́ ẹ, omi wà nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ wọn.

Bátìrì tó bá wú nìkan ni kò nílò àyẹ̀wò. Bí pátákó ìfọwọ́rá (touchpad) bá ti ń ga sókè tàbí tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́, ẹ paná rẹ̀, ẹ yọ ṣájà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ gbé e wá ká yọ ọ́.

Àwa atúnkọ̀ǹpútàṣe,
Sábọ́, Ìkòròdú.