Sí Ọmọ Mi Tó Yan Iṣẹ́ Òṣèré

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tí o sọ, pé àwọn òǹwòran kò wá síbi eré yín bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àti pé o ti ń rò ó bóyá o ṣì wúlò, kò kúrò lọ́kàn mi. Jọ̀wọ́, wá fíìmù Limelight wò, èyí tí Charlie Chaplin, aláwàdà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe fíìmù ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1952.

Ìtàn Calvero ni, aláwàdà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1914, ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn rí, ṣùgbọ́n tí ogbó dé bá, tí ọtí sì di alábàárò rẹ̀. Ó lá àlá pé òun ń ṣeré, àmọ́ nígbà tó gbójú wo ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran, àga òfìfo ló rí. Fara balẹ̀ wo ojú rẹ̀ níbẹ̀. Chaplin fúnra rẹ̀ ló ṣe Calvero. Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún nígbà náà, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ akọrin orí ìtàgé, sì ti tìtorí ọtí kú ní ọdún 1901. Mo gbà pé ohun tó mọ̀ dunjú ló ń fi hàn wá.

Calvero yìí ló gba Terry, ọmọbìnrin oníjó kan, lọ́wọ́ ikú nígbà tó fẹ́ pa ara rẹ̀, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e mọ́. Ní alẹ́ tí àwọn òǹwòran dìde fi Calvero sílẹ̀ lórí ìtàgé, tó padà wálé tó ń sunkún, Terry ló ń rọ̀ ọ́ pé kó má sọ ìrètí nù, àfi bó ṣe ṣàdédé rí i pé òun ti dìde, òun sì ń rìn. Ìran yìí wọ̀ mí lára ju ikú Calvero ní ìparí lọ. Nítorí náà, má fi àtẹ́wọ́ díwọ̀n ara rẹ. Wá ẹni tí o lè gbé dìde nínú iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 1952 kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé ìwé àṣẹ tí Chaplin fi lè padà wọlé, kò sì tún tẹ ilẹ̀ náà títí di ọdún 1972. Orin fíìmù yìí gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 1973.

Má dá nìkan wò ó. Pe ọmọdébìnrin tí o ní ó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, kí ẹ jọ wò ó, kí o sì kọ̀wé sí mi nípa ohun tí òun bá sọ.

Èmi ni ìyá rẹ.