Àṣàkẹ́, má dúró sídìí ìbéèrè kan

Bwari, Àbújá.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí àbúrò bàbá rẹ àti ìyàwó rẹ̀ ní Kàkúrí, ní Kàdúná. Wọ́n ṣeun tí wọ́n yọ̀ǹda yàrá fún ọ láti máa kàwé. JAMB ku oṣù méjì, ọ̀rọ̀ kan sì ti wà níkùn mi láti èṣí.

Nígbà tí èsì rẹ jáde, tí máàkì rẹ ò tó èyí tí wọ́n fi ń mú èèyàn fún Law, mo bínú, mo ní o ò kàwé. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Èmi tí mo ń jí láago mẹ́rin ìdájí láti dáná, iná tọ́ọ̀ṣì rẹ ni mo máa ń bá lórí ìwé. Má bínú sí mi. Ìwọ fúnra rẹ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, mi ò kàn gbọ́ ni: o ní àyọkà Gẹ̀ẹ́sì lo wà lórí ẹ̀ títí, nígbà tí o fi máa dé Government, aago ti lọ, o ò rójú ka ogún ìbéèrè tó kẹ́yìn.

Mo ti jókòó ṣírò ẹ̀. Wákàtí méjì fún ìbéèrè 180: 60 lórí Gẹ̀ẹ́sì, 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. O mọ bí ọ̀sán ṣe máa ń rí ní ṣọ́ọ̀bù wa nígbà tí àwọn ọmọ Law School bá ya dé nínú kóòtù dúdú wọn. Ẹni tó bá ń rò ó bóyá ewédú lòun máa jẹ tàbí gbẹ̀gìrì, ṣé mo máa ń gbé ṣíbí dání kí n máa wò ó? Màá ní kó máa rò ó lọ, màá bu ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, màá sì padà sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí o ṣe. Èyí tó bá le, tẹ N lórí kọ̀ǹpútà ìdánwò, bọ́ sí èyí tó kàn. P á dá ọ padà. Kó gbogbo èyí tí o mọ̀ nínú Lítíréṣọ̀, Government àti Ìmọ̀ Ìslám tán kí o tó padà wá bá àyọkà jìjàkadì.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, jókòó ti kọ̀ǹpútà àbúrò bàbá rẹ, ṣe ìbéèrè àtijọ́ 180 láìdìde. Bí iná bá lọ, fi bírò ṣe é, ṣùgbọ́n aago ò gbọdọ̀ kúrò níwájú rẹ.

Ọmọkùnrin kan nínú àwọn ọmọ Law School tó ń jẹun lọ́dọ̀ mi ń múra ìdánwò àṣekágbá wọn. Epo ọbẹ̀ mi ti pọ́n etí ìwé nóòtì rẹ̀. Mo rí ojú ewé kan tó fi bírò pupa kọ, mo bi í. Ó ní àṣìṣe òun nìkan ló wà níbẹ̀, òun sì máa ń kà á kóun tó sùn. Ra bírò pupa.

Ọkùnrin kan wá bá mi níjẹta, ó ní kí n mówó wá, òun á bá ọ wá máàkì kún máàkì. Mo lé e jáde. Bwari níbí ni olú ilé iṣẹ́ JAMB wà, ibẹ̀ náà ni Law School wà láti 1997. Mi ò ní máa gba iwájú wọn kọjá lọ sọ́jà kí ojú máa tì mí. Òfin lo fẹ́ kọ́, Àṣàkẹ́. Mi ò ní bá ọ fi ìrúfin wọlé rẹ̀.

Ọdún tó lọ yẹn má sì jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Fọláké Ṣólańkẹ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN, oyè àgbà lọ́yà ní Nàìjíríà, ní 1981, Látìn àti ìṣirò ló kọ́kọ́ kà, ó ti ṣe tíṣà kó tó di lọ́yà.

Mo fi owó dátà ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fún ọ ní déètì, pè mí. Mo ti bá ẹni tí yóò bá mi dúró ti ìkòkò sọ̀rọ̀. Màá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kùbwá lọ́jọ́ tó ṣáájú, èmi ni màá sì sìn ọ́ dé ẹnu géètì.

Ìyá rẹ.