Lẹ́tà láti inú ọgbà ìwádìí tó fara pamọ́ sáàárín igi páìnì

Durham, North Carolina

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ó ti ṣe díẹ̀ tí lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, jọ̀wọ́ má bínú pé èsì rẹ̀ falẹ̀, nítorí pé ìbéèrè tí o bi mí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dáhùn lórí ìdúró. O ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé inú Research Triangle Park, ọgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí kó jọ sí níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, kí n sọ fún ọ bóyá lóòótọ́ ni ọgbà ìwádìí sáyẹ́ǹsì lè sọ agbègbè tó tòṣì di ọlọ́rọ̀, tàbí ariwo àwọn olóṣèlú lásán ni. Mo ti fara balẹ̀ ka ìtàn ọgbà náà, mo sì ti jókòó ti àwọn àgbàlagbà tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tipẹ́. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n sùúrù tó gbà pọ̀ ju èyí tí wọ́n máa ń sọ fún aráàlú lọ.

Tí o bá ń bọ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú, igi páìnì ni wàá máa rí lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni tó ń wọ inú igbó lọ. Àmì kékeré kan lẹ́bàá títì ni yóò sọ fún ọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà lẹ́yìn àwọn igi náà, nítorí pé àwọn tó dá ọgbà náà sílẹ̀ ṣe é lófin pé apá kékeré nínú ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ bá rà ni ó lè kọ́lé sí. Ilẹ̀ náà tó nǹkan bí 7,000 éékà. Yunifásítì mẹ́ta ló yí i ká: Duke ní Durham, University of North Carolina ní Chapel Hill, àti North Carolina State ní Raleigh. Bí o bá fa ìlà láti ìlú kan dé èkejì, igun mẹ́ta ni yóò yọ, ibẹ̀ ni orúkọ ọgbà náà ti wá.

Ṣáájú ọdún 1959, North Carolina wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí owó tó ń wọlé fún aráàlú kéré jù lọ ní Amẹ́ríkà. Tábà, aṣọ híhun àti àga ṣíṣe ni wọ́n gbójú lé, owó iṣẹ́ wọ̀nyí kò sì tó nǹkan. Èyí tó dun àwọn àgbà ibẹ̀ jù ni pé yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kọ́ àwọn ọmọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti gba oyè tán, ẹrù ló ń dì, nítorí pé kò sí iṣẹ́ tó bá ìmọ̀ rẹ̀ mu nílé. Èmi àti ìwọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú ìrora bẹ́ẹ̀ fún wa.

Romeo Guest, tó jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé èrò ọgbà náà káàkiri, Gómìnà Luther Hodges sì gbà á mọ́ra. Okòwò ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Karl Robbins, ọlọ́rọ̀ kan tó ti fi iṣẹ́ aṣọ là, ló gbé owó kalẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà kò yá, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò níbẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n lọ bá Archie Davis, ọ̀gá nínú iṣẹ́ báńkì, pé kó bá wọn ta ìpín ìdókòwò fáwọn èèyàn. Davis ní bó bá jẹ́ pé ire ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n ń wá lóòótọ́, ọrẹ ló yẹ kí wọ́n tọrọ, kí ẹnikẹ́ni má retí èrè. Ó gbéra, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 1959, gómìnà kéde pé wọ́n ti rí 1,425,000 dọ́là kó jọ. Owó yìí ni wọ́n fi gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn olókòwò, tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ àjọ kan tí kì í pín èrè, tí wọ́n sì fi dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Research Triangle Institute sílẹ̀.

Ní tèmi o, níbi ìpinnu Davis yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tó bá fi owó ra ilẹ̀ nítorí èrè kò lè wo ilẹ̀ náà níran fún ọdún mélòó kan kó má tà á fún ẹni tó kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Àjọ tí kò ní ẹni tó ń béèrè èrè lọ́wọ́ rẹ̀ lè dúró. Wọ́n sì dúró lóòótọ́! Ilé-iṣẹ́ Chemstrand, tó ń ṣe ìwádìí lórí òwú àtọwọ́dá, tètè dé, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni koríko àtọwọ́dá tí wọ́n ń tẹ́ sí pápá eré ìdárayá ti jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ dá. Ó di 1965 kí IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá, tó kéde pé òun ń bọ̀, ọdún yẹn náà sì ni ìjọba àpapọ̀ gbà láti gbé ilé ìwádìí rẹ̀ lórí àyíká àti ìlera síbẹ̀. Fojú inú wo ọdún mẹ́fà tí igi páìnì fi pọ̀ ju èèyàn lọ, tí àwọn tó dá owó náà sì ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Mú ohunkóhun tó wà nínú páálí nítòsí rẹ, kí o yí i sẹ́yìn. Wàá rí àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí òǹkà wà nísàlẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní barcode. Inú ọgbà yìí ni George Laurer, ẹnjiníà IBM, ti ṣe é, wọ́n fọwọ́ sí i ní 1973, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1974 sì ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ka irú rẹ̀ lára páálí ṣingọ́ọ̀mù nínú ilé ìtajà kan ní Troy, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ti oògùn ló tún wọ̀ mí lọ́kàn jù. Monroe Wall àti Mansukh Wani, ní Research Triangle Institute, ló rí èròjà kan fà yọ lára èèpo igi, wọ́n sì tẹ àlàyé bí èròjà náà ṣe rí jáde ní 1971. Ó di 1992 kí ìjọba tó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oògùn jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin. Ọdún mọ́kànlélógún! Taxol lorúkọ oògùn náà. Ìyá ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbà á, wọ́n sì wà láàyè títí dòní.

Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ tó lé ní 300 ló wà nínú ọgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ju 50,000 lọ, láìka àwọn tó ń wakọ̀, tó ń kọ́lé, tó ń se oúnjẹ fún wọn. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá dín òṣìṣẹ́ kù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kó kúrò lágbègbè náà mọ́. Wọ́n á rí iṣẹ́ lódìkejì títì, tàbí kí mẹ́ta mẹ́rin para pọ̀ dá tiwọn sílẹ̀. Ìdí tí ọmọ tó kàwé fi ń dúró nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ aṣọ kan kógbá sílé ní Kannapolis, tí kò ju nǹkan bí ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀ sí wa, èèyàn tó lé ní 4,000 sì pàdánù iṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ kò lè jí lọ́jọ́ kejì kó wọ yàrá ìwádìí. Owó ilé náà ti gòkè débi pé àwọn tó ń gbá ilẹ̀ nínú ọgbà náà ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé inú ọgbà, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ọkọ̀ á sì há mọ́ra wọn lójú títì. Àìpẹ́ yìí ni wọ́n yí òfin náà padà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé gbígbé sí àárín rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún wá sọ fún ọ pé àwọn fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀, má ṣe jẹ́ kí àwòrán ilé gíga gbà ọ́ lọ́kàn. Bi wọ́n léèrè ẹni tó ni ilẹ̀, iye ọdún tó lè fi dúró láìrí èrè, àti ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ àwọn tí kò lọ sí yunifásítì ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ti ń gbìyànjú ti ìkẹyìn yìí níbí, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ń kọ́ àwọn èèyàn ní bí a ṣe ń ṣe oògùn.

Ọmọbìnrin kan láti irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ajé. Ó sọ fún wa nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ilé-iṣẹ́ aṣọ ni bàbá òun ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tì í. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀. Màá kọ̀wé sí ọ bó bá ṣe ń lọ sí.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.